Ìka kọ́ ló ń ba ọmọ elégédé jẹ́

Òjò ti dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yẹn náà ti dé: "Má nàka sí ọmọ elégédé o, á jẹrà!" Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ alájọgbélé ni wọ́n ní ó nàka sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ẹ wo ìdí òdòdó náà. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn tín-ín-rín, akọ ni. Èyí tí ọrùn rẹ̀ kúrú, tí ọmọ róbótó wà nídìí rẹ̀, abo ni. Bí lẹ́búlẹ́bú akọ kò bá kan àárín abo, ọmọ róbótó yẹn á pọ́n, á sunkì, á rà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wò ó. Lẹ́búlẹ́bú ọ̀hún wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, atẹ́gùn kò lè gbé e. Oyin ló ń gbé e. Àárọ̀ ọjọ́ kan péré sì ni abo fi ń là. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti padé. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀ yẹn, tàbí tí ẹ fọ́n oògùn kòkòrò, ó parí. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fọ́n ọn.

Ẹ yéé gé gbogbo orí ẹfinrin. Ẹ jẹ́ kí ìdí méjì-mẹ́ta máa tanná nítòsí elégédé, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí elégédé tó tanná. Oyin fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Bí oyin kò bá wá, ẹ já akọ tó là láàárọ̀ yẹn (tàná kò wúlò mọ́) láàárín aago 6 sí 9. Ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò kó ku ọ̀pá àárín, kí ẹ fi pa àárín abo yípo. Akọ kan tó abo méjì. Àwọn tí mo ṣe báyìí fún, ojoojúmọ́ ni mò ń nàka sí wọn, wọ́n sì ń tóbi.

Wọ́n á ní àgbà ló sọ ọ́. Àgbà mọ̀ pé ọmọdé tó bá nàka kò ní pẹ́ fọwọ́ kàn án.

Àwọn òdòdó tó kọ́kọ́ ń rẹ̀ dànù, akọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ má tìtorí wọn bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbẹ́ adìẹ àpọ̀jù náà ń dá kún un: gbọ̀rọ̀ á pọ̀ fún ọbẹ̀, abo á wọ́n.

Ó dáa, mo gbà pé òmíràn ń rà lẹ́yìn tó ti gba akọ. Ẹ là á, ẹ ó rí ìdin: eṣinṣin ló gún un. Ẹ má sọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, torí inú ilẹ̀ ni ìdin yẹn ti ń di eṣinṣin. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó pa, ẹ gbé e sóòrùn.