"Ọjọ́ kan ni ti olóhun": ọjọ́ wo?

Láàárọ̀ àná, mo wọ takisí ní Àdátán, mò ń lọ sí Kútọ̀. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ni awakọ̀ wa bá yọrí síta, ó ké sí ẹnìkejì ẹ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n wà níbẹ̀?" Ìyẹn ní wọn ò tíì jáde. Kí n tó la ẹnu, a ti wọ wan-wéè.

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kò béèrè pé èló ni owó ìtanràn. Ó lè má tilẹ̀ mọ iye tó jẹ́. Bóyá àwọn agbófinró ojú pópó wà níbẹ̀ ni tiẹ̀, tí wọ́n bá sì wà níbẹ̀, bóyá ẹni tó ṣeé bá "sọ̀rọ̀" ni.

Àmọ́ tí ìwà ọ̀daràn bá ti pọ̀, igbe kan ṣoṣo la máa ń ké: ẹ jẹ́ kí ìjìyà le sí i! Ẹ yìnbọn pa wọ́n! A ti ṣe é rí. Lọ́dún 1970 ni ìjọba ológun ṣòfin pé ikú ni èrè adigunjalè. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n so Ishola Oyenusi mọ́ òpó ní Bar Beach l'Ékòó, wọ́n yìnbọn pa á níṣojú èrò rẹpẹtẹ. Kí wá ló dé tí Anini, ògbólógbòó adigunjalè, fi da Benin rú lọ́dún 1986? Ó mọ̀ pé wọ́n ń pa adigunjalè. Ohun tó gbójú lé ni pé ọwọ́ ò ní tẹ òun; ẹ sì rántí pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà lára àwọn tí wọ́n jọ dájọ́ ikú fún. Beccaria, ará Ítálì kan, ti kọ ọ́ láti ọdún 1764 pé kí ìjìyà dájú ló ń kó ẹ̀rù báni ju kó le lọ.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àwa tí wọ́n jà lólè, "ọjọ́ kan" là ń gbọ́. Olè, "ọjọ́ gbogbo" lòun ń gbọ́. Ìṣirò ẹ̀ ò sì burú.

Ìyá mi àgbà máa ń kó iṣu kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní apá Ọ̀dẹ̀dá, wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ sí i kéèyàn lè mọ iye tó jẹ́, wọ́n á wá fi ààlè lé e: ògbólógbòó ìgbálẹ̀, ìkaraun ìgbín, àkísà pupa. Wọ́n á bá tiwọn lọ sóko. N ò rí ẹni tí ààlè mú rí (ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi), ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń kọjá ló gbà pé yóò mú òun, kì í ṣe pé bóyá.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú náà gbé ààlè tiẹ̀ kọ́ lọ́dún tó kọjá: kámẹ́rà kan tí kò ní wáyà, tí kò ya nǹkan kan. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, aṣọ kan ò sọnù. Àfìgbà tí ọmọṣẹ́ ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà níwájú àwọn oníbàárà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, yáàdì márùn-ún márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá bi mí pé ṣé kóun kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ̀wọ̀n ni fún olè. Mo ní kó lọ ra wáyà.