Epo inú ìgò kì í ṣe oògùn lymphoma

Ẹ̀gbọ́n mi kan tún ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lánàá. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i pé ọ̀rá ló ń pa lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, tó sì sábà máa ń yọ bíi kókó lọ́rùn, pé wọ́n ti dán an wò ní láàbù, ó sì ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ta kímò, oògùn tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ni kò jẹ́ kí ayé gbọ́. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ní kókó lọ́rùn máa mu epo ẹja tàbí òróró irúgbìn flax ní àràárọ̀, kó sì yáa jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́. Ohùn náà balẹ̀ bíi ti ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn, torí èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì jẹ́ kó léwu. Àwọn oògùn kan wà lóòótọ́ tó jẹ́ ẹ̀yà ọ̀rá, tí wọ́n sì ti dán wò sí lymphoma. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ènìyàn jókòó tò fúnra rẹ̀ ni, wọn kò fún un jáde lára èso tàbí ẹja kankan. Adìẹ ní ìyẹ́, àṣá náà ní ìyẹ́. Ẹ lọ kó àwọn méjèèjì sínú àgò kan ṣoṣo kí ẹ wá ròyìn fún mi.

Ẹ jẹ́ ká mú edelfosine. Láàárín àwọn ọdún 1960, ní Freiburg ní orílẹ̀-èdè Jámánì, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ń yẹ ọ̀rá kan wò tó wà nínú ara gbogbo wa, lysophosphatidylcholine. Wọ́n rí i pé ó ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara sókè, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rárá, nítorí pé àwọn ẹ́ńsáìmù ara a máa já a sí wẹ́wẹ́. Wọ́n wá yí ìdè tó so ìrù ọ̀rá náà mọ́ orí rẹ̀ padà, wọ́n fi irú èyí tí ẹ́ńsáìmù wọ̀nyẹn kò lè gé sí i. Ibẹ̀ ni edelfosine ti wá. Nítorí pé ara kò rí i gé, ńṣe ló ń wọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì lọ jókòó. Faustino Mollinedo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Salamanca ní Sípéènì fi hàn pé nínú irú lymphoma kan tí wọ́n ń pè ní mantle cell, oògùn yìí máa ń wọ́ jọ sí àwọn ojú ibi tó ki lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń fa Fas lọ síbẹ̀. Fas ni èròjà tó ń gba àṣẹ ikú fún sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ti kóra jọ síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀. Ní ọdún 2010 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó fa ọwọ́ jẹjẹrẹ náà sẹ́yìn lára èkúté tí wọ́n fún mu. Èkúté o.

Òróró tí ẹ mu ńkọ́? Ó dénú ìfun, ẹ́ńsáìmù lipase gé e, ara tún un so pọ̀, ó dì í sínú àwọn ẹ̀kán ọ̀rá kéékèèké, ó sì rán wọn gba inú omi lymph, omi ara tó ń gba inú àwọn kókó ara kọjá, lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ fi èyí ṣe ẹ̀rí: wọ́n ní epo ń gba ojú ọ̀nà tí àrùn náà wà kọjá, ó dájú pé ó ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni ń jẹ ló ń gba ibẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí omi náà fi máa ń funfun lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá jẹ́ pé kíkọjá níbẹ̀ ni ìwòsàn, ta ni ìbá ní lymphoma? Lẹ́yìn náà, ara á jó o fi ṣe agbára, tàbí kó kó o pamọ́ sí ikùn àti ìdí. Kò sí èyí tó ń lọ jókòó sínú awọ sẹ́ẹ̀lì láti pàṣẹ ikú.

Ọ̀rọ̀ “ó pa á ní láàbù” gan-an ló ń sú mi jù. Mo mọ bó ṣe ń rí. A máa ń pín sẹ́ẹ̀lì sínú àwo oníhò 96, a ó kán ohun tí à ń dán wò sí i, a ó gbé e padà sínú àpótí tó ń móoru ní 37°C. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ó kán aró trypan sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í gba aró yẹn wọlé, á máa dán roboto lábẹ́ maikirosíkóòpù. Èyí tó ti kú á fà á mu, á di búlúù látòkè délẹ̀. Ẹ ò ní mọ bó ṣe rọrùn tó láti rí búlúù. Omi ọṣẹ á fún yín ní búlúù. Ọtí tí a fi ń po oògùn, tó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, á ṣe bẹ́ẹ̀. Omi lásán, tí kò ní iyọ̀ nínú, á bẹ́ wọn. Mo ti kán oleic acid, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú òróró ólífì, sí sẹ́ẹ̀lì lymphoma rí. Ó pa wọ́n. Ó sì pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara wọn le, tó wà nínú ihò ẹ̀gbẹ́ wọn, bákan náà. Nínú ẹ̀jẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ albumin ló máa ń di irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ mú, kì í sáré kiri lófìfo bó ṣe ń ṣe nínú àwo wa.

Ẹ wá wo perifosine, tó jẹ́ ìbátan edelfosine. Nínú àwo, ó ń dí Akt lọ́wọ́, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fi ń dènà ikú. Ó pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ oríṣiríṣi. Ó ṣiṣẹ́ lára èkúté. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, àwọn ìdánwò kéékèèké sì dùn ún gbọ́. Ní Milan, wọ́n fi pẹ̀lú sorafenib, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, tọ́jú àwọn tí lymphoma wọn padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú, kókó àwọn mìíràn nínú wọn tó ní irú ti Hodgkin sì sún kì. Ó wá kan ìdánwò ńlá, níbi tí wọ́n ti ń pín aláìsàn sí méjì láìmọ ẹni tó gba oògùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, èyí tó jẹ́ ti jẹjẹrẹ ìfun ńlá já sí òfo: ẹni tó lò ó kò pẹ́ láyé ju ẹni tí kò lò ó lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n dá èyí tó jẹ́ ti myeloma, jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun, dúró lágbedeméjì. Oògùn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tò nìyẹn, tí wọ́n díwọ̀n sí milligram, tí ó sì ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo ju òróró yín lọ. Ẹ wá ní kí n gba ṣíbí òróró gbọ́?

Ti pé wọ́n fi í pamọ́, kò gba àlàyé púpọ̀. Hansjörg Eibl àti Clemens Unger ní Göttingen ló gbé miltefosine jáde, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti edelfosine. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Yúróòpù fún fífi pa ojú jẹjẹrẹ ọmú tó yọ sí awọ ara. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń pa kòkòrò leishmania, Íńdíà fọwọ́ sí i ní ọdún 2002, Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì ti fi í sínú àkọsílẹ̀ oògùn kòṣeémánìí. Ta ló ń fi kí ni pamọ́? Ó máa ń mú ènìyàn bì, ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè ba ọmọ inú oyún jẹ́ débi pé obìnrin tó bá lò ó kò gbọdọ̀ lóyún títí oṣù 5 lẹ́yìn tó parí rẹ̀. Èwo nínú òróró yín ló ní ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ó dáa, mo gbà pé ọ̀kan wà tí a kò tíì gbọ́ òpin rẹ̀, iopofosine I-131, tí wọ́n ń dán wò sí Waldenström, irú lymphoma kan tí kì í wọ́pọ̀. Èsì rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n iodine olóró ìtànṣán tí wọ́n so mọ́ ọ ló ń pa sẹ́ẹ̀lì; agbérù ni ọ̀rá inú rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́rìí ńkọ́, àwọn tó ní “mo mu ún, kókó mi sì lọ”? Lymphoma kan wà tí wọ́n ń pè ní follicular. Kókó rẹ̀ máa ń wú, á tún sún kì fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkan kan. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n lè máa ṣọ́ ọ fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹni tó bá mu òróró ní ọ̀sẹ̀ tó sún kì yóò búra. Àwọn yòókù ń gba kímò lọ́wọ́ kan, wọ́n ń mu òróró lọ́wọ́ kejì, òróró ni wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lymphoma wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ṣeé wò sàn jù. Oògùn abẹ́rẹ́ kan, rituximab, ti wà láti ọdún 1997. Nígbà tí wọ́n fi í kún kímò CHOP, ó lé ní ìdajì àwọn tó ní irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó ń yára dàgbà tó ń rí ìwòsàn pátápátá, ti Hodgkin sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ìyá kan, ọ̀rẹ́ ẹbí wa, tí wọ́n fi irú ohùn yìí yí lọ́kàn padà lẹ́yìn tí kókó ọrùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n fi padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ti dé ikùn, oògùn àkọ́kọ́ kò sì ràn án mọ́.

Ẹni tí lymphoma bá sì padà wá bá báyìí, wọ́n lè gbé e lọ sórí àwọn oògùn tí cisplatin, irú kímò kan, wà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ní Utrecht ní Netherlands rí i pé ọ̀rá kan wà nínú epo ẹja tó ń mú kí jẹjẹrẹ lára èkúté máa ṣorí kunkun sí cisplatin. Ní ọdún 2015 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọ̀rá yìí kan náà máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá tó mu epo ẹja. Wọn kò tíì fi hàn lára aláìsàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ẹni tó ń gba kímò má fẹnu kan epo ẹja láti ọjọ́ tó ṣáájú abẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti kà á, wọn kò tíì fèsì.