Yẹ̀pẹ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ ló ń dí gọ́tà wa n'Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Bí òjò oṣù kẹfà bá ti bẹ̀rẹ̀, náílọ́ọ̀nù àti ike omi la máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù. Lóòótọ́, ìdọ̀tí ń dí gọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun táwọn tó ń kó gọ́tà ń fi ṣọ́bìrì kó jáde: yẹ̀pẹ̀ pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́lé ló ti wá.

Láti Ìgbógbo títí dé Báyékù, ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ lọ sọ́nà ọ̀sà ni. Katapílà á wọlé, á fá gbogbo rẹ̀ kodoro. Owó tán, iṣẹ́ dúró, ilẹ̀ sì wà ní ìhòòhò títí òjò fi dé. Gbòǹgbò tó dì í mú kò sí mọ́. Àgbàrá á gbá yẹ̀pẹ̀ lọ. Níbi tí gọ́tà ti tẹ́jú, tí omi ò lè sáré mọ́, ibẹ̀ ni yanrìn ń jókòó sí. Ẹrọ̀fọ̀ tó kúnná ní tiẹ̀ á bá omi wọ ọ̀sà, á bo ibi tí ẹja ń yé sí.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Tó bá wá jẹ́ onílé tuntun ló ń ran àgbàrá lọ́wọ́ láti wó ilé aládùúgbò ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ tú ilẹ̀ tó tó éékà 1, bíi pulọ́ọ̀tì 6 tiwa, gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, kó sì kọ bó ṣe máa dá yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dúró sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Òfin náà de pulọ́ọ̀tì kékeré tó bá wà lára ẹ́sítéètì ńlá pẹ̀lú. Èyí ló wù mí jù, torí ẹ́sítéètì ló ń gba ilẹ̀ oko wa báyìí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò wọ́n. Ẹ fi koríko sílẹ̀ nísàlẹ̀ pulọ́ọ̀tì. Ẹ to àpò yanrìn síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ta aṣọ tó ń sẹ́ omi mọ́ igi, kẹ́ ẹ sì ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ da òkúta sẹ́nu ọ̀nà kí táyà típà má baà kó ẹrọ̀fọ̀ jáde sí títì. Ẹ fi tapólì bo òkìtì yanrìn.

Nínú àwọn àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, LASPPPA ló ń fọwọ́ sí pláànì ilé, LASBCA ló ń bẹ iṣẹ́ ìkọ́lé wò. Kí wọ́n béèrè ètò yẹ̀pẹ̀ lórí pláànì, kí ẹni tó bá wá wo fondéṣọ̀n sì wò ó pẹ̀lú. Níbi tí kò bá sí, kí iṣẹ́ dúró. Kí àwa CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, náà má sì dúró dè wọ́n: ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ fondéṣọ̀n ládùúgbò, kó kọ́kọ́ fi ibi tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ máa dúró sí hàn wá.