Kì í ṣe oòrùn ló ń mú tòmátì pọ́n

Tí Oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó máa rí i lójú fèrèsé àwọn ènìyàn wa: tòmátì aláwọ̀ ewé tí wọ́n tò lọ gbọọrọ. Ilẹ̀ ti ń tutù, ọ̀sán ti ń kúrú, wọ́n sì ti ká èyí tó kù lẹ́yìnkùlé kí ìrì dídì tó pa á sórí igi. Ẹni yòówù tí ẹ bá bi, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín: "Kí oòrùn lè mú un pọ́n ni mo ṣe gbé e síbẹ̀."

Ọdún mẹ́ta gbáko lèmi náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan á pupa díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á rọ̀, awọ rẹ̀ á hunjọ, ó di dandan kí n dà á nù. Láti Oṣù Kẹta ni mo ti gbin kóró rẹ̀ sínú ike, mo bomi rin ín, mo fi ọ̀pá gbè é lẹ́yìn, mo sì wá ń pàdánù rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó dé inú ìkòkò. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí yanjú: tòmátì tó ti kúrò lórí igi kò nílò oòrùn kó tó pọ́n.

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ta ló rí wọn rí kí wọ́n sá ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sóòrùn kó lè pọ́n? Àpò ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á fi àpò mìíràn bò ó, wọ́n á sì tì í sí kọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tú u lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti pọ́n. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí tòmátì.

Gáàsì kan wà tí èso fúnra rẹ̀ ń tú jáde, ethylene lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń sọ fún èso pé kí àwọ̀ ewé parẹ́, kí pupa yọ, kí ara rẹ̀ rọ̀, kí adùn sì wọ inú rẹ̀. Tòmátì tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde, díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ló máa ń fa púpọ̀ tẹ̀ lé e. Ní 1901, Dimitry Neljubow ní Rọ́ṣíà rí i pé gáàsì yìí ló ń ba ìdàgbàsókè àwọn èéhù ewéko jẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ń tan iná gáàsì sí. Ní 1934, Richard Gane ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rí hàn pé èso ápù fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ kankan fún un, àmọ́ òun gan-an ni wọ́n ń sé mọ́ inú àpò.

Ooru ìwọ̀nba ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Láàárín 18°C sí 21°C ló ti ń lọ geerege, ìyẹn bí inú ilé tí ènìyàn ń gbé ṣe máa ń rí. Tí ooru bá ti kọjá 30°C, lycopene tó ń fún tòmátì ní àwọ̀ pupa kì í lè jáde bó ṣe yẹ, èso náà á sì dúró sí àwọ̀ ìyeyè tàbí ti ọsàn. Tí òtútù bá sì lọ sísàlẹ̀ 12°C tó sì pẹ́ níbẹ̀, èso tí kò tíì pọ́n á bàjẹ́ nínú: kò ní pọ́n dáadáa mọ́, jíjẹrà ló kàn. Ẹ wá wo ojú fèrèsé. Lọ́sàn-án, gíláàsì á gba oòrùn, á gbóná janjan. Lóru, gíláàsì kan náà á tutù rinrin. Nínú gbogbo ilé, mi ò mọ ibi tó burú fún tòmátì ju ibẹ̀ lọ.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Lórí igi, ìgbà tí oòrùn bá mú ni a máa ń rí pupa. Àmọ́ èdè wa ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí a kì í fi ọkàn sí: gbígbó yàtọ̀ sí pípọ́n. Kí èso tó gbó, ewé gbọ́dọ̀ gba oòrùn, kó fi ṣe oúnjẹ, kó sì gbé e ránṣẹ́ sí èso. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Èso tó bá ti gbó á pọ́n nínú òkùnkùn biribiri. Èyí tí kò bá gbó, kò sí oòrùn tàbí àpò tó lè ràn án lọ́wọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ fi ọ̀kan ṣe ìdánwò, ẹ fi ọ̀bẹ là á. Tí kóró inú rẹ̀ bá ń yẹ̀ fún ọ̀bẹ, tí omi tó yí i ká sì ń yọ̀ bí ilá, ó ti gbó. Tí ọ̀bẹ bá gé kóró náà sí méjì, kò tíì gbó, àwọn tó tóbi bíi tirẹ̀ lórí igi náà kò sì ní pọ́n nínú ilé. Mo máa ń dín irú wọn pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata rodo. Nítorí èyí náà ni mo ṣe ń gé orí igi kúrò ní ìparí Oṣù Kẹjọ: òdòdó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là nígbà yẹn kò ní di èso tó gbó kí òtútù tó dé.

Páálí ni mo ń lò. Mo máa ń tẹ́ bébà sí i, mo á tò wọ́n kí ara wọn má kan ara, mo á fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n sí àárín wọn nítorí gáàsì tirẹ̀ pọ̀, mo á sì pa ìdérí rẹ̀ dé. Ní ọjọ́ méjì-méjì ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó bá ní àbàwọ́n pupa-dúdú tó le lára ti kó àrùn láti oko, ẹ tètè yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kábáìdì sún mọ́ ọn. Gáàsì tí kábáìdì ń tú jáde ń ṣe bíi ti ethylene lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń ní májèlé arsenic nínú, NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Tó bá ti pọ́n, ẹ má tètè sáré gbé e sínú fíríìjì. Ní 2016, Harry Klee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida fi hàn pé tòmátì tó bá lo ọjọ́ méje nínú òtútù 5°C máa ń pàdánù òórùn dídùn rẹ̀, kì í sì í padà bọ̀ sípò tán bí ẹ tilẹ̀ gbé e jáde.

Èyí tó kù láti sọ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó lè pa ènìyàn. Púpọ̀ nínú wa gbà pé tí a bá se tòmátì lílọ̀ gbẹ, tí a rọ ọ́ sínú ìgò, tí a sì da òróró lé e lórí, ó lè wà lórí pẹpẹ fún oṣù púpọ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ kò lè wọlé. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí gan-an ni Clostridium botulinum fẹ́ràn, kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tí májèlé tó ń ṣe lè pa ènìyàn. Omi tó ń hó ní 100°C kì í pa spore rẹ̀, ìyẹn ohun bí ẹyin tó fi ń pa ara rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni ìkan, tòmátì mìíràn kò sì kan tó: pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe ga tó ni ìkan ṣe dín kù tó), máa ń kọjá 4.6. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn tó ń fi tòmátì pa mọ́ sínú ìgò ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi ṣíbí ìjẹun méjì omi ọsàn wẹ́wẹ́ (lemon) tí wọ́n ń tà nínú ìgò sí bíi lítà tòmátì kan, kí wọ́n sì se ìgò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ nínú omi. Àwa ńkọ́? Káún la ń fi sí i kí ìkan rẹ̀ lè lọ, a sì ń tipa bẹ́ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò náà. Ẹ lè fi káún sí ọbẹ̀ tí ẹ ó jẹ lónìí. Ẹ má fi sí èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú.

Fírísà ni èmi ń lò. Tí mi ò bá ráyè lọ̀ ọ́, odidi rẹ̀ ni mo ń nù gbẹ, tí mo ń kó sínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ se ọbẹ̀, mo á da omi gbígbóná sí i lórí, awọ rẹ̀ á sì bọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kejìlá ni mo yọ tòmátì tó kẹ́yìn nínú páálí mi. Mo gé e sínú ẹyin díndín, ó sì pupa dé inú.