Ilé ẹ̀kọ́ tó sọ ẹ̀rọ di dandan, òun ni kó pèsè rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Benin lónìí, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń mú un wọ gúrúùpù WhatsApp. Ibẹ̀ ni pólíkọ́pì, ìwé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ fi ń kọ́ wọn, ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde pé kíláàsì ọ̀la ti yẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Àwọn aláṣẹ ń ti ẹ̀rọ bọ kíláàsì lójoojúmọ́, wọ́n sì nídìí.

Áńfì, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kún àkúnya, pàápàá ní Yunifásítì Abomey-Calavi tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ ṣì ń forí lé. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò rí ojú pátákó. Bí makirofóònù bá kú, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti fò ó. Àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ò sì rọ́nà bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ń béèrè ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò. A gba gbogbo èyí.

Ìdí kan wà tí wọn kì í sọ síta. Yàrá tí kọ̀ǹpútà tuntun kún inú rẹ̀ máa ń wu àlejò, ó sì dùn ún yà ní fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Iṣẹ́ olùkọ́ tó ń yẹ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wò dòru kò ṣeé yà ní fọ́tò.

Ẹ wo bó ṣe ń rí fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kétu. Olùkọ́ fi ìwé olójú ewé púpọ̀ ránṣẹ́ lálẹ́. Ọmọ náà ní láti ra mẹ́gà, ìyẹn dátà íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó lè gbà á. Ojú fóònù rẹ̀ ti sán. Ó fi ìka méjì fẹ lẹ́tà náà, àbọ̀ ìlà sì sá kúrò lójú. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé e tọ oní-fọtokópì lọ, ó sanwó ewé kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọwọ́ òfo ló máa bá wọ kíláàsì. Tẹ́lẹ̀, owó pólíkọ́pì nìkan ló ń san. Ní báyìí, ó ń san owó mẹ́gà, ó tún ń san owó títẹ̀. Ìnáwó tí ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀rọ bá òun dín kù, àpò òbí tó ń ṣoko ló ti ń jáde. Èyí kò dára, kò sì yẹ kó máa bá a lọ.

A ò bá ẹ̀rọ jà. Ní Kétu kan náà tí Yunifásítì ètò ọ̀gbìn ní ẹ̀ka sí, akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé fóònù síwájú ewé ẹ̀gẹ́, kí Nuru, áàpù tí PlantVillage ṣe, sọ àrùn tó mú un fún un, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì nínú oko. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ la fẹ́: ó ń mú ọmọ jáde lọ bá àgbẹ̀, kò sì ná an ní mẹ́gà lórí oko.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kì í kọ́ ọmọ. Ní Peru, wọ́n pín kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Inter-American Development Bank gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2012, ìṣirò àti èdè àwọn ọmọ náà kò sàn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Olùkọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ náwó lé lórí. Àjàṣẹ́ ni École Normale Supérieure tó ń tọ́ olùkọ́ wà. Kí wọ́n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kan sí i.

Àjàṣẹ́ náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà. Bí ìwé ìṣúná bá tún dé iwájú wọn, kí wọ́n bi mínísítà léèrè: owó Wi-Fi ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ dà? Owó iná oòrùn dà? Owó àtúnṣe ńkọ́? Títí wọn yóò fi rí i níbẹ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa tẹ pólíkọ́pì sórí bébà, kó sì kó o sí ilé ìkàwé fún ọmọ tí kò lówó mẹ́gà.