Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára kì í sọ SS di AS

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ẹnu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: "SS ni tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó ti di AS." Gbogbo ìjókòó ń mi orí. Ẹnì kan tiẹ̀ ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn gbà kì í yí jẹ́nótáípù rẹ̀ padà, ìyẹn AA, AS tàbí SS tó jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀; SS ló ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tó máa ń yí padà fúngbà díẹ̀ ni ohun tí ìwé àyẹ̀wò ń sọ, èmi náà sì rí i nílé wa. Kíráísì àbúrò mi, ìyẹn ìrora líle tí SS máa ń fà, le, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kò sì pẹ́ sígbà náà tí ilé àyẹ̀wò kan kọ AS fún un. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀. Ìyá wa dúpẹ́ dúpẹ́, àwọn ẹbí ń pè láti bá wa yọ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n tún un yẹ̀ wò níbòmíràn, SS ló jáde. Kí ìwé yẹn tó dé, ìrora egungun ti padà dé ṣáájú rẹ̀.

Àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ kì í wo ohun tí èèyàn jogún rárá. Hẹmoglóbìn, èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà ló ń wò. Bí S tìrẹ àti A ẹlòmíràn bá jọ ń ṣàn nínú iṣan rẹ, méjèèjì ló máa rí, AS ni wọ́n á sì kọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa oní-SS kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ kó tó kú, bẹ́ẹ̀ ti ẹni tí ara rẹ̀ pé lè lò tó ọjọ́ 120. Ẹ̀jẹ̀ àlejò wá ń pẹ́ ju ẹ̀jẹ̀ onílé lọ, títí àlejò náà fi tán pátápátá.

Níbo wá ni èyí tó ń rọ́pò wọn ti ń wá? Inú mùdùnmúdùn egungun ni. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ń bí ẹ̀jẹ̀ wà, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì sẹ́ẹ̀lì pupa sì ni ara ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Till àti McCulloch, ló fi iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ yìí hàn ní Toronto, Kánádà, láti ọdún 1961. Wọ́n fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn eku, wọ́n fún un ní ti eku mìíràn, kókó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ara eku tó gbà á, ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí kókó kọ̀ọ̀kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni jẹ́nótáípù ẹ̀jẹ̀ rẹ wà lọ́wọ́ wọn. Àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀jẹ̀ padà ní láti pààrọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ náà. Wọ́n á fi oògùn líle pa ti aláìsàn, wọ́n á wá fa ti ẹlòmíràn tó bá a mu sí i lára. Ní 1984, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ròyìn ọmọbìnrin kan tó ní SS pẹ̀lú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Mùdùnmúdùn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ AS, ni wọ́n fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì di AS. Ìyẹn ni ìyípadà gidi. Síbẹ̀, ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin kì í bá a yí padà: ẹni tó jẹ́ SS, tí wọ́n ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀, S náà ló máa fún gbogbo ọmọ tó bá bí. Bí ó bá fẹ́ AS, ìdajì ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ SS. Ẹ wá rò ó wò, ẹni tó gba àpò ẹ̀jẹ̀ kan péré tó wá fi ìwé AS fẹ́ AS.

Casgevy pàápàá, ìtọ́jú tuntun tó ń tún jíìnì ṣe, tí Brítéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2023, kò sọ SS di AA. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń mú jáde, wọ́n á dín agbára jíìnì BCL11A kù nínú rẹ̀, kí ara lè tún máa ṣe irú hẹmoglóbìn tí ọmọ inú oyún ń lò, wọ́n á sì dá a padà. S ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n á ní, "Àmọ́ ara rẹ̀ yá lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ náà." Kí ni ò ní jẹ́ kó yá? Ẹ̀jẹ̀ tó dáa ni wọ́n fún un. Àwọn tó ní àdúrà ló ṣe é, mi ò bá wọn jà, kí wọ́n ṣáà tún un yẹ̀ wò. Ó dáa, mo gbà pé wọ́n ti bá ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì funfun ẹlòmíràn lára àwọn kan tó fara pa gan-an, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn kò sọ SS ẹnikẹ́ni di nǹkan mìíràn.

Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ tó sì fẹ́ mọ jẹ́nótáípù rẹ̀, kó dúró tó oṣù mẹ́rin, tàbí kó ṣe àyẹ̀wò DNA. Kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé òun gba ẹ̀jẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ò ní béèrè.