Yíyára kọ́ ni agbára: ọ̀rọ̀ iṣan ẹ̀yìn àti ikùn

"Yára! Yára sí i! Agbára rẹ dà?" Kò sí pápá tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé tí mo dé tí n kì í gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ṣe sit-up, ìyẹn kí èèyàn dùbúlẹ̀ kó sì fi iṣan ikùn dìde jókòó, ní ìgbà 40 wàràwàrà ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó rọra ń gbé ara nílẹ̀, tí ikùn rẹ̀ le gbagidi, tó ń gbọ̀n, òun ni wọ́n á pè ní ọ̀lẹ. Ó ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ìbàdí tó ń ro wọ́n ló gbé wọn débẹ̀.

Ẹ wo ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Bí garawa bá kún, díẹ̀díẹ̀ ni okùn ń gòkè, apá á sì le. Bí garawa bá ṣófo, okùn á sáré wá sókè. Èwo ni iṣan fi agbára fà jù nínú méjèèjì?

A.V. Hill, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, fi iṣan ọ̀pọ̀lọ́ wádìí rẹ̀. Ní 1938, ó fi hàn pé bí iṣan bá ṣe ń yára súnkì tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó lè fi fa nǹkan á ṣe dín kù tó. Àwọn ohun tíntìntín kan wà nínú iṣan tó ń di okùn mú, tó ń fà á, tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, tó sì tún ń dì í mú, bí ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lórí okùn kan ṣoṣo. Bí okùn bá ń sáré kọjá, ìwọ̀nba ọwọ́ ló máa ráyè dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ kí èèyàn fojú rí i. Hislop àti Perrine ṣàlàyé irú ìdárayá náà, isokinetic, ní 1967. Ẹ̀rọ ló ń pinnu ìyára: tì í bó o ṣe fẹ́, kò ní yára ju bí wọ́n ṣe tò ó lọ, bó o bá sì ṣe tì í tó ni yóò ṣe dènà rẹ tó. Wọ́n á fi bẹ́líìtì de ìbàdí àti itan mọ́ ọn, ìwọ á máa tẹ̀ síwájú, wà á máa nà padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé ìyára rẹ̀ láti dígírì 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ sí 150, á dà bíi pé iṣẹ́ náà le sí i, ṣùgbọ́n iye agbára tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ á já wálẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí kan náà ló ń fi hàn pé, lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, iṣan ẹ̀yìn lágbára ju ti ikùn lọ. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tipẹ́, ti ẹ̀yìn yìí ló sábà máa ń rọ jù. Sit-up nìkan kò kan iṣan ẹ̀yìn rárá!

Àmọ́ bí iṣan bá ń nà lábẹ́ ẹrù, bí ìgbà tí a ń sọ àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀, òfin náà yí padà: ìyára kì í gé agbára rẹ̀ kù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ tàbí tó ń ju ọ̀kọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́ ìyára, torí ohun tí iṣẹ́ tirẹ̀ ń béèrè nìyẹn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wọn ẹ̀yìn yín lórí ẹ̀rọ náà, tí nọ́ńbà ti 150 kéré sí ti 60, ẹ má ṣe bara jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún eléré ìdíje.